Ẹni Tí Ó Lé Orin ní Ilé Àparò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yín nínú ilé, tí ẹ ń fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀, tí ẹ sì ń fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí a-b-d lára ògiri. Mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń rán tiyín lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìgboro, nítorí iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe. Ní ilé tèmi, èmi àti ìyàwó mi ni olùkọ́, àwọn ọmọ wa sì ni akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a bá ti fọ abọ́ oúnjẹ alẹ́ tán, tí a sì ti tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àlọ́ ni ẹ̀kọ́ tí ó máa ń kẹ́yìn ọjọ́. Àlọ́ tí mo pa fún wọn ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìdùnnú, gẹ́gẹ́ bí mo ti pa á.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí etí oko. Ó dá lórí Àparò, àwọn ọmọ rẹ̀, àti Ìjímèrè onílé ẹ̀kọ́.

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé ní ìlú bí ènìyàn, Àparò kan wà tí ó kọ́ ilé rẹ̀ sí àárín koríko ní etí oko. Ọkọ rẹ̀ a máa lọ sí oko ní òwúrọ̀, òun a sì máa bójú tó ilé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àjàgbé ni àkọ́bí, ọkùnrin ni. Àbẹ̀kẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, obìnrin ni. Àwẹ̀ró ni àbígbẹ̀yìn, obìnrin ni òun náà.

Ní ìlú yìí kan náà, Ìjímèrè, ọ̀bọ pupa nì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní abẹ́ igi kan. Gbogbo ẹranko ni ó ń kó ọmọ lọ bá a. Wọn a fi wọ́n sílẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a padà wá kó wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í bèèrè ohun tí àwọn ọmọ kọ́. Bí wọ́n bá rí eruku ní ara ọmọ, tí wọ́n sì rí i tí ó ń tòògbé lórí oúnjẹ, wọn a ní, "Ẹ̀kọ́ olùkọ́ yìí mà le o. Ọmọ mi ń kàwé."

Àparò nìkan ni kò rán ọmọ lọ. Ilé ni ó ti ń kọ́ wọn, iṣẹ́ ilé ni ó sì fi ṣe ìwé wọn. Àjàgbé ni ó ń pọn omi. Igbá omi tí ó bá rọ sínú ìkòkò ni ó fi ń kọ́ ìṣirò: iye tí ó wọlé, iye tí a mu, iye tí ó kù. Àbẹ̀kẹ́ ni ó ń dá iná tí ó sì ń se oúnjẹ. Ó mọ igi tí ó gbẹ àti èyí tí yóò rú èéfín, ó sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àwẹ̀ró ni ó ń gbá ojúde. Iyẹ̀pẹ̀ ojúde ni ìwé tirẹ̀. Kí ó tó gbá a, yóò kọ́kọ́ ka gbogbo ojú ẹsẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, yóò sọ ẹni tí ó kọjá, ibi tí ó dorí kọ, àti bí ó bá gbé ẹrù.

Orin ni Àparò fi ń darí gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò lé orin, àwọn ọmọ yóò gbè é, iṣẹ́ yóò sì máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é. "Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ" ni ègbè yín.

Lílé: Ta ló pọnmi sínú ìkòkò?
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Àjàgbé pọn ọ́n, ó mọ iye.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Ta ló dáná sí ààrò?
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Àbẹ̀kẹ́ dá a, ó mọ afẹ́fẹ́.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Ta ló gbálẹ̀ ojúde?
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Àwẹ̀ró gbá a, ó ka ẹsẹ̀.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Ìyá wọn pè, wọ́n jẹ́ o.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.

Ẹ kú ohùn. Orin yìí dùn, ilé Àparò sì gún régé. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ilé náà: ìyá nìkan ni ó gbọ́dọ̀ lé orin. Bí ìyá kò bá tíì lé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ìdí ààrò ni Àbẹ̀kẹ́ máa ń wà, ààrò náà sì súnmọ́ ẹnu ọ̀nà tí ìyá ń dúró sí. Nítorí náà, ó ti gbọ́ lílé náà títí, ètè rẹ̀ a sì máa mì bí ìyá bá ti ń kọrin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ohùn yọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lé e jáde gbangba. Àparò yíjú sí i.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ni ìyá nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá mi."

"Ègbè ni tìrẹ. Bí gbogbo wa bá ń lé, ta ni yóò gbè é?"

Bàbá wọn, tí ó ń wá ọkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ní, "Ìyá Àjàgbé, jẹ́ kí ọmọ yìí lé e ní ọjọ́ kan. Bí o bá rin ìrìn àjò ńkọ́?"

"Baba Àjàgbé, ibo ni mò ń lọ? Ẹ mú ọkọ́ yín, oko ń dúró dè yín."

Bàbá mú ọkọ́ rẹ̀. "Ó dára. Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ," ni ó wí, ó sì bọ́ sí ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọ fi ìyẹ́ bo ẹnu kí ìyá má baà rí ẹ̀rín wọn.

Ní ọjọ́ kan, Ìjímèrè ń kọjá lọ, ó sì rí àwọn ọmọ Àparò bí wọ́n ti ń tan ilẹ̀. Èékánná wọn ń bọ́ sínú erùpẹ̀ kítíkítí. Ìjímèrè dúró, ó gbé itọ́ mì. Ẹ ó bi mí pé kí ni ó fà á. Ìjímèrè ní oko ẹ̀pà kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó pọ̀ lọ súà. Kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ó rí. Ẹ̀pà ti gbó, òjò sì ti dá. Ilẹ̀ le kankan, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a hú u.

Ó lọ bá Ẹfọ̀n, tí í ṣe Baálẹ̀ ìlú.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ilé kan wà ní ìlú yìí tí ó gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Àparò kò mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́. Inú koríko ni ó kó wọn pamọ́ sí. Bí wọ́n bá dàgbà tán tí wọn kò mọ ohun kan, ìlú ni yóò rù wọ́n. Ẹ má sọ pé olùkọ́ kò wí."

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Àparò. Àparò dé, ó kúnlẹ̀.

"A gbọ́ pé o kò rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́."

"Baálẹ̀, òótọ́ ni. Mo ń kọ́ wọn ní ilé."

Ìjímèrè rẹ́rìn-ín. "Kí ni o fi ń kọ́ wọn? Ìgbálẹ̀?"

"Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́. Ìkòkò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wò ó."

"Àwa kọ́ ni yóò wá," ni Baálẹ̀ wí. "Ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, kó wọn wá sí ojúde mi. Kí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn wá. Bí wọ́n bá mọ nǹkan, mú wọn padà sí ilé rẹ, ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá dúró bí òkúta, Ìjímèrè ni ó ni wọ́n láti ọjọ́ náà lọ, títí yóò fi sọ pé ẹ̀kọ́ wọn tó."

Kò sí ẹni tí ó tíì gbọ́ kí Ìjímèrè sọ fún ọmọ kan rí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó.

Síbẹ̀ Àparò gbé orí sókè. Ó mọ ohun tí ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ orin, ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, bàbá ti jáde lọ sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá bá wọn dúró ní ojúde Baálẹ̀. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú ilé. Ìjímèrè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó gbé igbá kan lọ́wọ́. Ẹ̀pà dídín ni ó kún inú rẹ̀. Ó ti dín in pọ̀ mọ́ òróró tí ó ń ṣàn, ó sì ti da ata gígún lé e lórí.

"Ìyá Àjàgbé, ẹ kú ìmúra. Ẹ má wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú Baálẹ̀, iṣẹ́ ni. Olùkọ́ sí olùkọ́ ni mo wá báyìí. Ohùn yín ni mo wá kí."

"Ohùn mi?"

"Láti abẹ́ igi mi ni mo ti ń gbọ́ ọ ní àràárọ̀. Èmi tí mo ń ṣe olùkọ́, n kò ní irú rẹ̀. Ẹ fi èyí tọ́ ẹnu wò, kí ohùn náà lè dùn sí i ní ojúde."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni kò fẹ́ ìyìn? Àparò jẹ ẹyọ kan, ó dùn. Ìjímèrè tún yin ohùn náà, Àparò tún jẹ. Ó jẹ ẹ́ títí igbá fi ṣófo. Ìjímèrè gbé igbá rẹ̀, ó gba ibi tí ó gbà wọlé jáde.

Àwẹ̀ró mú ìgbálẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iyẹ̀pẹ̀. "Ìyá mi, ẹnì kan wá síbí tí ó fi..."

"Gbá a kíá, Àwẹ̀ró. A ń lọ."

Àwẹ̀ró gbá a. Ṣùgbọ́n ó ti kà á tán.

Nígbà tí wọ́n dé ojúde Baálẹ̀, ìlú ti pé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìjímèrè jókòó sí apá kan, ara wọn kún fún eruku. Baálẹ̀ ní, "Àparò, jẹ́ kí a rí wọn."

Àjàgbé, Àbẹ̀kẹ́ àti Àwẹ̀ró dúró sí àárín. Àparò dúró sí iwájú wọn, ó la ẹnu láti lé orin.

"Háà."

Ó tún un ṣe. "Há, há." Ohùn náà dà bí ewé gbígbẹ tí a ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀pà, òróró àti ata ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pa.

Àwọn ọmọ dúró. Wọ́n ń retí lílé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ wọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, wùyẹ̀wùyẹ̀, láti ẹ̀yìn dé iwájú.

"Ẹ wo olùkọ́ ilé," ni Ìjímèrè wí. "Ohùn ni àpótí ìwé rẹ̀. Àpótí ti tì, kọ́kọ́rọ́ sì sọnù."

Baálẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ ohun kan fún wa."

Wọ́n wo ojú ìyá wọn. Ìjímèrè ti dìde, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ gba ẹrù.

Omijé dé ojú Àparò. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ìwò ìkẹyìn ni. Nígbà náà ni ó rí ètè Àbẹ̀kẹ́. Ó ń mì. Ọmọ náà ń lé orin nínú ara rẹ̀, láìsí ohùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní ìdí ààrò.

Àparò lọ sí ẹ̀yìn Àbẹ̀kẹ́. Ó fi ìyẹ́ tì í síwájú jẹ́ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn. "Ìyá mi, ègbè ni tèmi."

Àparò mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tún tì í síwájú, òun fúnra rẹ̀ sì lọ dúró ní àárín Àjàgbé àti Àwẹ̀ró, níbi tí àwọn tí ń gbè é ń dúró sí.

Àbẹ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é kí ó dé etí Baálẹ̀.

Lílé: Ta ló pọnmi sínú ìkòkò?
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Àjàgbé pọn ọ́n, ó mọ iye.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Ta ló dáná sí ààrò?
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Èmi dá a, mo mọ afẹ́fẹ́.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Ta ló gbálẹ̀ ojúde?
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Àwẹ̀ró gbá a, ó ka ẹsẹ̀.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.
Lílé: Ohùn ìyá há, a gbà á o.
Ègbè: Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.

Kí orin tó parí, ẹsẹ̀ Baálẹ̀ ti ń lu ilẹ̀. Àwọn ará ìlú ti ń gbè é.

"Orin dára," ni Ìjímèrè wí, "ṣùgbọ́n orin lásán ni."

"Jẹ́ kí a wò ó bí lásán ni," ni Baálẹ̀ wí. "Àjàgbé, òǹgbẹ ń gbẹ ìlú. Pọn omi tí yóò tó wa, má ṣe jẹ́ kí ó ṣẹ́kù."

Àjàgbé wo ojúde láti igun dé igun, ètè rẹ̀ ń ka, ó sì lọ sí odò. Gbogbo ènìyàn mu omi. Bí ẹni tí ó kẹ́yìn ti mu tirẹ̀ tán, ìkòkò gbẹ.

"Àbẹ̀kẹ́, dá iná fún wa."

Àbẹ̀kẹ́ gbé ìyẹ́ sókè, ó wo afẹ́fẹ́, ó sì ṣí ààrò kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Iná ràn. Èéfín kò yà sí ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ Ìjímèrè ni ó dorí kọ, Ìjímèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

"Àwẹ̀ró, ka ẹsẹ̀ fún wa."

Àwẹ̀ró kéré, ṣùgbọ́n kò yára. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Baálẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín wọ ilẹ̀ ju ti òsì lọ. Ó dà bí ẹni pé ti òsì ń dùn yín."

Baálẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gún ni," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Máa bá a lọ."

"Ẹni tí ó rìn ní ibí yìí, ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì máa ń fi ọwọ́ tẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà ni mo kà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní òwúrọ̀ yìí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó fi tẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé èkejì gbé igbá. Ojú ìdí igbá náà wà lórí iyẹ̀pẹ̀, níbi tí ìyá wa jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn há."

Ìjímèrè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́. "Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn pọ̀ ní ìlú."

"Olùkọ́, na ẹsẹ̀ rẹ," ni Baálẹ̀ wí.

Ìjímèrè kò nà án. Àparò húkọ́, èèpo ẹ̀pà pupa kan sì bọ́ láti ẹnu rẹ̀ sí iwájú gbogbo ìlú.

"Ẹ̀pà," ni Baálẹ̀ wí. "Ta ni ó ń gbin ẹ̀pà ní ìlú yìí? Ìwọ Ìjímèrè nìkan ni. Ta ni ó ń bá ọ ro oko náà?"

Baálẹ̀ yí ojú sí àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn kún fún eruku, níbi tí ọmọ tirẹ̀ gan-an jókòó sí.

"Ọmọ mi, dìde. Sọ ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ."

Inú ọmọ náà dùn pé wọ́n pe òun. Ó kọrin sókè: "Hú u, gbọ̀n ọ́n, kó o sápò olùkọ́."

"Kí ni ó tẹ̀ lé e?"

"A ó tún un ṣe, Baba."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù òbí wo eruku tí ó wà lára ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi gbé ojú sókè, Ìjímèrè ti bẹ́ pẹ́ú, ó ti wọ igbó lọ fìrìfìrì. Títí di òní, bí Ìjímèrè bá gbọ́ ohùn ènìyàn, sísá ni í sá, oko ẹ̀pà olóko ni ó sì ń hú.

Baálẹ̀ ní, "Àparò, kó àwọn ọmọ rẹ lọ sí ilé. Bí ohùn rẹ bá là, wá sọ fún àwa yòókù bí o ti ṣe é."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Àparò kò tíì là dáadáa. Kò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sí ìdí ààrò, ó ń ṣa igi. Àbẹ̀kẹ́ ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó lé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìparí, ó ní, "Ọmọ wọn pè, ìyá jẹ́ o." Àparò sì fi ohùn há-há rẹ̀ gbè é: kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ. Bàbá wọn, tí ó ń wá ọkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbè é pẹ̀lú wọn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba lílé lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹ bá dé etí oko ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ tí Àparò kan yóò ké tí àwọn yòókù yóò dá a lóhùn. Ẹ kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ ìyá.

Ibí yìí ni àlọ́ mi ká ìyẹ́ rẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí Àparò má ṣe ké ní etí oko mi mọ́. Bí n kò bá sì fi irọ́ kún un, kí ẹ̀yin ọmọ mi ké ègbè náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ. Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ. Kẹrẹ-kẹ̀rẹ̀-kẹ.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ yìí ni pé kí òbí tí ó ń kọ́ ọmọ jẹ́ kí ọmọ náà máa darí iṣẹ́ nígbà mìíràn, kí ìmọ̀ má baà dúró lórí ohùn ẹnì kan ṣoṣo. Ó tún kọ́ wa pé kí a máa bèèrè ohun tí ọmọ wa ń kọ́, ibi yòówù tí ó ti ń kọ́ ọ. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ń kó ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ fún àpò ara rẹ̀, àṣírí rẹ̀ yóò tú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti ọjọ́ Jímọ̀ náà ni àwọn ọmọ mi ti ń du ẹni tí yóò darí ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ nínú ilé wa. Èyí àgbà ní òun ni ó tọ́ sí, èyí àbúrò kò gbà. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: báwo ni ẹ̀yin ṣe ń pín in ní ilé tiyín, tí ọmọ kékeré yóò fi darí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì gbà láti gbè é?